Mo fẹ́ fi Bàbá wa sínú fọ́tò ẹbí, àmọ́ ó ń hàn gbangba pé mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn ni

Ọmọ Aláró

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá wa pé àádọ́rin ọdún láìpẹ́ yìí, a sì ya fọ́tò ẹbí. Màmá jókòó láàárín, àwa ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ dúró yí wọn ká. Wọ́n wá ní kí n bá wọn fi Bàbá wa tó ti di olóògbé sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí a tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mi ò fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́. Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n ṣe fúnra mi, torí àwọn ẹbí yòókù ti gbọ́, wọ́n ti ń tò sí ẹ̀yìn Màmá pẹ̀lú fọ́tò tiwọn.

Sítúdíò ni wọ́n ti ya fọ́tò Bàbá tó wà lọ́wọ́ wa, láyé ọjọ́un. Agbádá funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n dé fìlà. Àwọ̀ fọ́tò náà ti ṣá, ó ti ń pọ́n, omi sì ti kan igun rẹ̀ kan. Àǹtí mi ló fi fóònù yà á, tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. GIMP, áàpù ọ̀fẹ́ tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo ń lò, láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 4GB. Mo fi Free Select yí Bàbá ká, mo kọ́pì wọn, mo gbé wọn lé fọ́tò ẹbí.

Wàhálà ibẹ̀ rè é: ìlà funfun kan yí fìlà àti èjìká wọn po. Àwọ̀ wọn pọ́n, tiwa tutù. Bí mo bá fà wọ́n tóbi, ojú wọn á di bàìbàì. Bí mo bá sì ti fi iṣẹ́ náà pamọ́ ní JPEG, tí mo tún un ṣí, mi ò lè sún Bàbá kúrò lójú kan mọ́. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ti mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀.

Ṣé kí n pa GIMP tì ni?

Ayé Ò Le Tóyẹn

Àbúrò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan lo fẹ́ fi odidi oṣù ṣe. Gbé fọ́tò méjèèjì fún AI, ní kó fi Bàbá jókòó ti Màmá. Ó parí. Ta ló ṣì ń fi ọwọ́ gé nǹkan lóde òní?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ má dá a lóhùn o. Mo gbé fọ́tò ìyá mi fún áàpù kan bẹ́ẹ̀ pé kó bá mi tún un ṣe. Ó tún un ṣe lóòótọ́: ojú mọ́, eyín funfun kinkin, ṣùgbọ́n pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn pòórá. Ẹ̀rọ náà rò pé àpá ni, ó bá wọn dí i. Ó tún wá bó wọn lé e. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí i, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Bí Bàbá yín bá kọlà, ẹ ṣọ́ra gidi gan-an.

Ayé Ò Le Tóyẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan ilà. Ẹ̀rọ ń gbọ́ràn.

Ìyá Ìbejì Peckham

Mo sọ fún un. Ó dá ilà padà: méjì lápá kan, mẹ́rin lápá kejì.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Kí o tó tún fọwọ́ kan GIMP, lọ wá ojúlówó fọ́tò yẹn. Èyí tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ pálọ̀. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ohun tó bá sì jù nù lójú ọ̀nà kì í padà. Ìdí tí ojú Bàbá fi ń di bàìbàì nìyẹn, GIMP kò jẹ̀bi.

Bí o bá fẹ́ rí i fúnra rẹ, mú Measure nínú àpótí irinṣẹ́ GIMP, wọn orí Màmá nínú fọ́tò ẹbí, láti àgbọ̀n dé iwájú orí. Wọn ti Bàbá náà. Ká sọ pé ti Màmá jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì tín-ín-tìn-ín tí a fi to fọ́tò) 600, ti Bàbá jẹ́ 150, a jẹ́ pé ò ń ní kí kọ̀ǹpútà fi ẹyọ kan ṣe mẹ́rin ní gígùn, kó tún fi ẹyọ kan ṣe mẹ́rin ní ìbú. Ibo ló ti fẹ́ rí i? Á kàn fẹ̀ ẹ́ ni.

Ní kí Àǹtí gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, kí wọ́n fi scanner mú un ní 600 dpi (píksẹ́lì 600 nínú íǹṣì kan), kí wọ́n fi pamọ́ ní TIFF tàbí PNG. Fọ́tò tó jẹ́ íǹṣì 4 sí 6 á fún ọ ní píksẹ́lì 2400 sí 3600, o ti ní ohun tí o lè fi ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí scanner, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì férémù, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ nítòsí fèrèsé lọ́sàn-án, kí fóònù dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n má tan flash. Tí wọ́n bá máa fi WhatsApp ránṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document, kò ní fún un pọ̀.

Ohun kejì: gbé Eraser jù sílẹ̀. Layer Mask ni àgbà ń lò. Fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ layer (ìpele fọ́tò) tí Bàbá wà, mú Add Layer Mask, yan White. Láti ìgbà yẹn lọ, ibi tí o bá fi brush dúdú kùn lórí mask á farasin, ibi tí o bá fi funfun kùn á padà yọ, àwọ̀ eérú á jẹ́ kó hàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Tí o bá ṣèèṣì gé etí Bàbá, funfun ni o máa fi kùn ún, etí á yọ padà. Tẹ X lórí kíbọ́ọ̀dù, dúdú àti funfun á gba ipò ara wọn. Eraser ò mọ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tó bá nù, ó nù ún ni.

Lainos Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ Bàbá Aláwòrán ṣe rẹ́gí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti GIMP kún un.

Ọ̀rọ̀ JPEG yẹn rọrùn. Layer dà bíi gíláàsì tí a tò lérí ara wọn, o lè sún èyí tó wà lókè láì fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. JPEG kò mọ layer rárá, ńṣe ló máa ń sọ gbogbo wọn di ẹyọ kan. Nínú GIMP, Save ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní XCF, layer kọ̀ọ̀kan á wà láyè ara rẹ̀. Export As ló ń gbé JPEG jáde. Nítorí náà, máa Save léraléra, Export di ìgbà tí o bá fẹ́ fi han èèyàn.

Ìlà funfun yẹn, ògiri sítúdíò ni. Bí o ṣe yí Bàbá ká, o fa díẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìn wọn dání. Tí o bá ti yí wọn ká tán, lọ sí Select, mú Shrink, fi píksẹ́lì 1 tàbí 2 sí i. Lẹ́yìn náà mú Feather, tó ń mú kí etí rọ̀, ìwọ̀n kan náà. Wá ṣe Add Layer Mask, ṣùgbọ́n yan Selection dípò White. Ibi tí agbádá funfun ti kan ògiri funfun ló máa fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, torí ojú lásán pàápàá kò rí ààlà ibẹ̀ dáadáa. Paths ni kí o lò níbẹ̀, tẹ B. Tẹ ojú àmì díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, kí o máa tẹ ìlà rẹ̀ bí agbádá ṣe wó. Má gbàgbé pé ìwọ lo máa pinnu ibi tí èjìká parí sí, kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Feather má pọ̀ o. Mo máa ń rí pósítà ìsìnkú tí wọ́n fi 20 sí, etí fìlà olóògbé á wá di kùrukùru.

RAM 4GB tó ọ. Kàn pa Chrome nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Computer Village

Ẹ kàn ń fi GIMP fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ ni. Nínú Photoshop, Select Subject á yí Bàbá ká fúnra rẹ̀. Adjustment layer wà, tí o bá yí àwọ̀ padà lónìí, o lè padà sí i lọ́la. Smart Object wà, o lè fún Bàbá kéré, kí o tún fà wọ́n padà sí ìwọ̀n tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kò ní bàjẹ́. Ní GIMP, tí o bá ti tẹ OK lórí Levels, ó ti wọ inú fọ́tò lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ owó ni ìṣòro, mo ní èyí tí wọ́n ti já, ẹ kàn pè mí.

Lainos Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, GIMP 2.10 lẹ ń sọ yẹn. GIMP 3.0 ti jáde láti oṣù kẹta ọdún 2025. Levels, Curves, Blur, gbogbo wọn ń dúró sára layer báyìí, àmì fx kékeré á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, o lè tún un ṣe, o lè pa á mọ́, o lè yọ ọ́ dànù. Kí Ọmọ Aláró wo About lábẹ́ Help kó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá jẹ́ 2.10 kó gba tuntun. Ọ̀fẹ́ ṣì ni, ọ̀fẹ́ ló ti jẹ́ láti ọdún 1995 tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà.

Ti ẹ̀yà jíjá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé e wá síbí. Orí láptọ́ọ̀pù kan náà ni ọmọbìnrin yìí ti ń wọlé sí àkáǹtì báńkì rẹ̀. Ta ló mọ ohun tí ẹni tó já a kó sínú rẹ̀?

Ọmọ Aláró

Ọmọkùnrin ni mí sà, ẹ ṣé. 2.10 ló wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ má jà. Photopea wà. Inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbé nǹkan kan wọ kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnì rẹ̀ tò bíi ti Photoshop, torí náà ẹ̀kọ́ Photoshop tó kún YouTube á bá a mu. Ó ń ṣí PSD ti Photoshop, ó ń ṣí XCF ti GIMP pàápàá, adjustment layer àti Smart Object wà níbẹ̀. Fọ́tò yín kì í lọ sórí sáfà wọn, orí kọ̀ǹpútà yín ló ń jókòó sí, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn torí fọ́tò àwọn ọmọ ni mo sábà máa ń tún ṣe. Ìpolówó ọjà ló kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Computer Village

Photopea dáa, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ńlá tí layer pọ̀ lórí RAM 4GB, á máa fà. Kó máa Save.

Àdìrẹ Ò Ṣá

Ẹ ti gé Bàbá tán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Tún àwọ̀ Bàbá ṣe kí o tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ Màmá. Lọ sí Colors, mú Levels. O máa rí àwòrán òkè kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 0, tó parí sí 255. Nínú fọ́tò tó ti ṣá, òkè yẹn kì í dé ìkángun kankan, àárín ló máa ń há sí, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ kò fi dúdú tí funfun rẹ̀ kò sì funfun. Fa ọfà dúdú wá sí ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, fa ọfà funfun wá sí ibi tó ti parí. Má dúró níbẹ̀. Lókè, níbi tí wọ́n kọ Value sí, yí i sí Red, ṣe bákan náà. Yí i sí Green, ṣe é. Blue náà. Àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò àtijọ́ kì í ṣá ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan á ti lọ, èkejì á ṣẹ́kù, èyí tó ṣẹ́kù ló ń pọ́n yẹn. Tí o bá ṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa yẹn á fò lọ lójú rẹ.

Tí o bá ṣe ìyẹn tán, tan ojú Bàbá díẹ̀, kí wọ́n mọ́ bí ẹni tó wá síbi ayẹyẹ.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá

Gbogbo ohun tó o sọ dára àyàfi ìparí rẹ̀. Kí ló dé tí a ó tan ojú wọn? Bàbá dúdú ni wọ́n. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdílé tó gbé fọ́tò olóògbé wá fún mi, tí ọmọ á ní, "Ẹ jẹ́ kí Dádì mọ́ díẹ̀." Mo máa ń kọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò irú èyí ni pé agbádá funfun gba gbogbo ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán tàbí ayàwòrán fúnra rẹ̀ á dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí agbádá, ojú á sì rì sínú òkùnkùn. Ojú dúdú yàtọ̀ sí ojú tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò dé la fẹ́ tún ṣe. Duplicate layer Bàbá, mú Curves lórí èyí tó wà lókè, fi ojú àmì kan sí ìdá kẹta ìlà náà láti ìsàlẹ̀, gbé e sókè díẹ̀. Wá fi mask dúdú bo layer náà pátápátá, kí o fi brush funfun rírọ̀ kun ojú nìkan, ní opacity (bí kíkùn ṣe máa hàn tó) bíi 30. Agbádá kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ojú á yọ, àwọ̀ wọn á sì wà bó ṣe wà.

Tún ṣọ́ agbádá fúnra rẹ̀. Tí ọfà funfun inú Levels bá wọlé jù, iṣẹ́ ọrùn agbádá á di funfun gbuu, 255 lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kò sí òwú, kò sí ojú abẹ́rẹ́.

Àdìrẹ Ò Ṣá

Mo gbọ́ sà. Kí a má bó wọn. Ṣùgbọ́n Curves le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọfà àárín inú Levels á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá

Kò ní ṣe kan náà. Ọfà àárín ń gbé gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú Curves, mo lè gbé ibi tó dúdú kí n sì di ibi tó mọ́ mú. Kó gbìyànjú rẹ̀, kò ní bu ú ṣán.

Lainos Abẹ́òkúta

Fún bíbá àwọ̀ Màmá mu, má fi ojú wò ó nìkan, ojú máa ń tan èèyàn jẹ. Mú Color Picker, tẹ O. Tẹ ibi tó funfun lára agbádá Bàbá, ka nọ́ńbà rẹ̀. Tẹ ibi tó funfun lára léèsì Màmá, ka tiẹ̀. Ká ní ti Bàbá jẹ́ 240, 226, 205, tí ti Màmá sì jẹ́ 225, 228, 236: Bàbá ní Red tó pọ̀ jù, Blue wọn ò tó. Lọ sí Color Balance, dín pupa kù, fi búlúù kún un, kí o tún ka nọ́ńbà náà títí tí wọ́n fi sún mọ́ra. Kò pọn dandan kí wọ́n bára mu pátá.

Kò Sí Wàhálà

Ẹ sọ gbogbo fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tán.

Ọmọ Aláró

Mo dá a lábàá fún Màmá. Wọ́n ní ṣé gbogbo owó tí àwọn san fún aṣọ ẹbí, dúdú àti funfun ni àwọn máa fi wò ó.

Àdìrẹ Ò Ṣá

Màmá jàre!

Ohun kan tún kù. Wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Bàbá bá mọ́ tí ti ẹ̀yin yòókù sì jẹ́ ọ̀tún, ojú á kọ̀ ọ́ bó ti wù kí o gé e dáadáa tó. Mú Flip, yí Bàbá padà.

Ọmọ Ìlá

Ẹ dúró ná! Kí ẹ tó yí bàbá oníbàbá padà, ṣé wọ́n kọlà? Tó bá jẹ́ bààmú, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń wà, láti imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá ṣe Flip, ilà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Fìlà náà, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gẹ̀ ẹ́ sí á yí padà. Agbo ilé á rí i kí férémù tó kan ògiri.

Ọmọ Aláró

Bààmú ni o. Mo ti ṣe Flip, n kò tiẹ̀ wo ojú wọn.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá

Dá a padà. Ṣí layer tuntun sókè Bàbá, yí Mode rẹ̀ sí Soft Light. Fi brush dúdú tó rọ̀, opacity bíi 10, kun ẹ̀gbẹ́ tó mọ́ jù, fi funfun kun ẹ̀gbẹ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sítúdíò ayé ọjọ́un sábà máa ń ti iwájú wá, torí náà iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní pọ̀.

Ọmọ Ìlá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan, ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Fífi ẹni tí kò sí sínú fọ́tò kì í ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà kó dé. Nílẹ̀ Yorùbá, nílùú wa Ìlá Ọ̀ràngún pẹ̀lú, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sí sítúdíò. Ayàwòrán á ya ẹyọ ọmọ yìí, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìbejì lè pé. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀. Àwọn olùwádìí ti kọ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Nínú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fi nǹkan bo apá kan pépà nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kan apá kejì. Mask tí Bàbá Aláwòrán ń sọ náà nìyẹn, ọwọ́ àti páálí ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Photoshop tí ẹ ń pariwo gan-an, ọdún 1994, ní ẹ̀yà 3.0, ló tó ní layer.

Ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n tí ẹ lè mú níbẹ̀: ayàwòrán ìbejì máa ń sapá jù lọ níbi tí apá méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ náà ni kí Ọmọ Aláró lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ sí.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ ṣé gan-an fún èyí. Ìyá ìyá mi ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àwa ọmọ máa ń rò pé èèyàn méjì ni.

Lainos Abẹ́òkúta

Níbi ìpàdé tí Ọmọ Ìlá sọ yẹn, ohun tó ń mú kí ojú gbà á ni pé kí nǹkan kan wà níwájú Bàbá. Má gbé wọn sí orí gbogbo èèyàn. Fọ́tò sítúdíò yẹn kò sì ní ẹsẹ̀, àbí? Ó dáa, fi wọ́n dúró sí ẹ̀yìn àga Màmá.

Bí o ṣe máa ṣe é: Duplicate layer fọ́tò ẹbí, gbé ẹ̀dà náà sókè Bàbá. Bàbá á wá wà láàárín. Fi mask dúdú sí ẹ̀dà tó wà lókè, kí o fi funfun kun gèlè Màmá, èjìká wọn, àti orí ọmọ tó bá dúró níwájú. Gèlè á bo díẹ̀ lára agbádá. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa jọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà òjìji. Ṣí layer tuntun lábẹ́ Bàbá, Mode rẹ̀ Multiply, fi brush dúdú rírọ̀ kun díẹ̀ sára ògiri tàbí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn, fi Gaussian Blur rọ̀ ọ́, dín opacity kù títí tí o fi fẹ́ẹ̀ má rí i mọ́. Ṣí irú rẹ̀ mìíràn sókè Bàbá, ibi tí gèlè ti kan agbádá.

Ọmọ Aláró

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Àǹtí ti fi scan ránṣẹ́, 600 dpi. Ojú Bàbá yọ kedere, mo rí ojú abẹ́rẹ́ lọ́rùn agbádá. Mo ti gba GIMP 3. Gèlè Màmá ti bo èjìká wọn, ẹnu ya àbúrò mi. Ohun tó kù ni pé ara Bàbá rí hóró-hóró, tiwa dán. Igun tí omi kàn náà ṣì wà, ó dé etí apá agbádá. Mo sì fẹ́ mọ bí mo ṣe máa gbé e fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, férémù íǹṣì 16 sí 20 ni. Ẹnìkan ní kí n yí 72 sí 300 nínú GIMP.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá

Fún igun tó bàjẹ́: layer tuntun, mú Heal, fi àmì sí Sample merged. Di Ctrl mú, tẹ ibi tó dára lára agbádá, kí o wá máa kùn ún lé ibi tó bàjẹ́. Tún ibi tí o ń mú nǹkan pààrọ̀ lemọ́lemọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wíwó aṣọ kan náà á máa tún ara rẹ̀ sọ. Heal má dé ojú wọn o, bààmú wà níbẹ̀.

Fún hóró-hóró: má pa á rẹ́ lójú Bàbá, tí o bá pa á rẹ́, ojú á di roba. Fi díẹ̀ kún tiyín. Filters, Noise, RGB Noise, kékeré, lórí fọ́tò ẹbí. Èyí sàn ju kí o máa nu Bàbá.

Àdìrẹ Ò Ṣá

Fọ́tò ẹbí tí wọ́n fi kámẹ́rà olówó ńlá yà, ẹ wá ń da yẹ̀pẹ̀ lé e! Kó fi Noise Reduction díẹ̀ sára Bàbá, díẹ̀ sára ẹbí, kí wọ́n pàdé láàárín.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ má jẹ́ kó yí nọ́ńbà 72 sí 300 lásán, kò fi ẹyọ píksẹ́lì kan kún un. Ó kàn ń sọ bí wọ́n ṣe máa tò ó sórí pépà ni. Ohun tí ẹ máa wò ni iye píksẹ́lì. Íǹṣì 16 sí 20 ní 300, 4800 sí 6000 ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò pálọ̀, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń wò ó, 200 tó: 3200 sí 4000. Tí fọ́tò ẹbí yín bá ti dé ibẹ̀, ẹ má fà á mọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ létí, férémù máa ń jẹ ẹ̀gbẹ́, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bàbá dúró sí.

Nípa àwọ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní sRGB, ìlànà àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tẹ fọ́tò kò nílò CMYK, ìlànà àwọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé JPEG jáde ní Quality 95, tàbí PNG, kí ẹ fi sórí flash drive. Ẹ fi XCF pamọ́ sílé, Màmá á tún ní kí ẹ gbé Bàbá sún mọ́ àwọn.

Kí ẹ tó tẹ ńlá, ẹ tẹ íǹṣì 4 sí 6 kan wò lọ́dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn, pépà kì í tàn, iṣẹ́ tó mọ́ lórí láptọ́ọ̀pù sábà máa ń jáde ní dúdú. Bí ojú Bàbá bá rì nínú kékeré yẹn, ẹ padà sí Curves.

Ọmọ Aláró

Mo ti tẹ kékeré. Ojú wọn rì díẹ̀ bí ẹ ṣe wí, tiwa náà rì. Ṣé ojú Bàbá nìkan ni kí n gbé sókè ni, àbí gbogbo rẹ̀?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá gbé Bàbá nìkan, wọ́n á tún yàtọ̀ sí yín. Ẹ ṣe New from Visible (ó ń kó gbogbo ohun tó hàn sórí layer tuntun kan) lókè gbogbo layer, Curves kan lórí ìyẹn, kí ẹ tẹ kékeré mìíràn.

Ayé Ò Le Tóyẹn

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí GIMP 3 yìí fún Windows? Fún ọ̀rẹ́ mi kan ni.

Ìyá Ìbejì Peckham

gimp.org. Kí ọ̀rẹ́ yín má gbà á níbòmíràn.